Àwòdì ni kí a pè é: èsì mi lórí bàlúù tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì sókè

Ẹ̀yin ará ilé, okun o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí olùkọ́ wa ní Mọ́pà ti béèrè orúkọ tí òun lè kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun: kí ni a ó máa pe bàlúù kékeré aláìlẹ́ńjìnnì tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì sókè, tí yóò wá máa rọra fò bọ̀ nílẹ̀? Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì: arábàbà, anàyẹ́, àwòdì. Ẹnìkan tún mú "ọkọ̀ òfuurufú aláìlẹ́ńjìnnì ẹlẹ́tù" wá, ṣùgbọ́n àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Kí ọmọ tó pè é tán, bàlúù ti balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí "ẹlẹ́tù" yẹn bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀tù ló wà nínú ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n ń tà fún eré yìí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ọmọ ìyá èyí tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà, tí wọ́n kì mọ́ inú páìpù páálí líle. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pín agbára wọn: ibi tí agbára B lè dé jẹ́ ìlọ́po méjì ti A, ti C sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti B. Bí ẹ bá rí C6-5 lára ọ̀kan, 5 tó gbẹ̀yìn ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dákẹ́ lẹ́yìn tí agbára bá tán, kí ẹ̀tù kékeré tó wà lókè rẹ̀ tó bú. Ṣùgbọ́n ta ló ń ta irú èyí ní Kàbbà? Ìgò ọ̀rá ni àwọn ọmọ wa ń lò. Wọ́n á bu omi sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, wọ́n á fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi le, wọ́n á tú u sílẹ̀, omi á tú jáde nísàlẹ̀, ìgò á gba òkè lọ. Kò sí ẹ̀tù, kò sí iná, ó sì dára bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí koríko láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ń dúró de ìṣáná. Ká má tíì sọ ti ìró: lágbègbè wa lásìkò yìí, ẹni tó bá yin ohun tó dún bí ìbọn láìkọ́kọ́ sọ fún àwọn ọdẹ ìlú, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Orúkọ tó bá so mọ́ ẹ̀tù ti ti àwọn ọmọ wa síta nìyẹn.

Arábàbà dùn lẹ́nu. Àmọ́ àṣá tó ń rábàbà, ojú kan náà ló ń yí lé lórí, ó ń wo òròmọdìyẹ. Bàlúù tiwa kò wo nǹkan kan; ó ń já bọ̀ ni, ó kàn ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ bá mi tọ́jú arábàbà de dróònù, òun ló ni ín. Ní ti anàyẹ́, bàlúù wo ni kì í na ìyẹ́? Èyí tó ń gbé àwọn àlàájì lọ Mẹ́kà náà nà án.

Ó ku àwòdì. Bàbá wa ní Ìlọrin ta kò ó: wọ́n ní nítorí pé Òyìnbó ń pe ẹyẹ náà àti bébà olókùn tí ọmọdé ń fi ṣeré ní orúkọ kan ṣoṣo, "kite", ni àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe bébà ní àwòdì. Ní ti bébà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ kankan nínú orúkọ tí Òyìnbó ń pe ohun tí à ń wí yìí. Láti ẹnu àwọn bàbá wa ni mo ti gbọ́ ọ: àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ẹyẹ tó lè dá fò, ohun kan tì í láti ẹ̀yìn, títì yẹn tán, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Èwo ló kù nínú iṣẹ́ bàlúù náà tí òwe yìí kò sọ?

Ẹyẹ kò sì kéré fún irú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Okúdù 1928, ní òkè Wasserkuppe ní Jámánì, Friedrich Stamer wọ bàlúù aláìlẹ́ńjìnnì tí Alexander Lippisch yà, tí wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́tù mọ́ nídìí, ó sì gbéra. Ente ni wọ́n ń pè é, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé iwájú ni ìyẹ́ kékeré tó yẹ kó wà ní ìrù wà.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí ni pé oríṣi méjì ni nǹkan yìí, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ṣe ìdíje sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Oríṣi kan ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lókè. Èkejì kì í ju ohunkóhun, gbogbo ara rẹ̀ ló ń bọ̀ wálé. Ohun tó ń lọ sókè ṣánṣán fẹ́ kí imú wúwo, kí ó má baà ṣe ràdàràdà. Ohun tó ń rọra bọ̀ kò fẹ́ ìwúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo wo èyí tí àwọn ọmọ fi fóòmù abọ́ oúnjẹ gé ní pápá bọ́ọ̀lù kan ní Ìyàrà, tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ jù kí wọ́n tó so ó mọ́ ìgò. Amọ̀ bíńtín ni wọ́n lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀, wọ́n ń bù ú, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ padà. Bí amọ̀ bá kéré, yóò gbé imú sókè, yóò dúró, yóò já lulẹ̀. Bó bá pọ̀, ó di òkò. Nígbà tó bọ́ sí i, ó kọjá lórí òpó gòólù, ó sì fi ikùn fa ilẹ̀ lọ.

Nítorí náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó jókòó lápá imú, ẹrù gan-an ni: òun ló ń mú imú wúwo lọ sókè, bó bá sì ti bọ́, ìwúwo á ṣe déédéé fún bíbọ̀. Mo fara mọ́ ẹni tó pe oríṣi yìí ní àwòdì asọ̀rù. Èkejì, tí kò ní ẹrù tí yóò sọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún tàbí kí ìrù rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí agbára bá tán. Arábìnrin wa dábàá àwòdì arùbọ̀ fún un. Ó péye, àmọ́ ẹ mọ ìwà wa lórí fóònù: ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sí i, "arubo" á sì di arúbọ, àwòdì á wá máa rúbọ kiri. Ẹlòmíràn ní agbébọ̀. Ẹ dákun, àgbébọ̀ adìyẹ kọ́ ni àwòdì ń wá káàkiri? Àwòdì arùdélé ni tèmi.

Ẹnìkan béèrè oríṣi tí Space Shuttle jẹ́ nínú méjèèjì, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú láti 1981 sí 2011, tó ń balẹ̀ láìlo ẹ́ńjìnnì. Ó ń ju táǹkì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì ń ru ẹ́ńjìnnì ńlá mẹ́ta bọ̀ wálé. Mo fi í sí asọ̀rù, nítorí ohun tó bá ti sọ nǹkan sílẹ̀ lọ́nà kò lè pe ara rẹ̀ ní arùdélé.

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ ọ sókè ló kù. "Ọ̀pá atọ́nà" tí ẹ dábàá tẹ́ mi lọ́rùn. Ìgò omi kò nílò orúkọ tuntun. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ń pè é, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì.