Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń dún sókè-sódò: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi ṣóòkì (ọwọ́ tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù) dán an wò. Jẹnẹrétọ̀ alápòpọ̀ ọ́ìlì àti bẹntiróò tí mo béèrè nípa rẹ̀, tó ń kú bí a bá ti tan fáànù, ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kì í ṣe púlọ́ọ̀gì rárá. Bí a bá fa ṣóòkì dé ìdajì, ohùn rẹ̀ á dúró sójú kan: èyí fi hàn pé epo tó ń wọlé ló kéré sí afẹ́fẹ́. Yálà jẹ́ẹ̀tì (èlò kékeré oníhò tóóró tí epo ń gbà kọjá) dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò wọlé láàrin kabúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀) àti ẹ́ńjìnnì. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ níbí.

Ẹ ti kọ́ọ̀kì epo, ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì, ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹntiróò tuntun, kí ẹ wá fi fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo là á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un! Irin abẹ́rẹ́ á fẹ ihò náà, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo lámujù. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀ kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì) tó ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn bá yí padà, ó ṣì ń jò.

Àpòpọ̀ ti ẹ̀rọ yìí: ọ́ìlì mìlílítà 80 sí bẹntiróò lítà 4.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ náà jókòó láìlò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ti kọ́ọ̀kì, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀.