Èsì: Royal Institution àti ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ń jà rànyìn

Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn òbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, nípa àwọn ètò tí Royal Institution, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, máa ń ṣe fún aráàlú, ní ká bá òun yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin wò. Wọ́n pe ilé náà ní "Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọba". Wọ́n pe public lecture ní "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba", wọ́n pe demonstration ní "ìwọ́de", wọ́n sì pe cultural events ní "ayẹyẹ àṣà ìbílẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi: tó bá jáde bẹ́ẹ̀, àwọn òbí ò ní mọ ibi tí ẹ ń pè wọ́n sí.

Ìwọ́de ló burú jù. Ohun tí àwọn tínú ń bí sí ìjọba ń ṣe ní títì nìyẹn. Bí ìyá kan bá kà á pé wọ́n máa ṣe ìwọ́de lójú àwọn ọmọ, ọmọ tiẹ̀ ò ní jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ló sábà máa ń kó èèyàn sí irú èyí, torí Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì tí ò bára tan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì Royal Institution ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fọwọ́ ṣe nǹkan kí gbogbo ojú rí i, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán. "Ìfihàn" ò ṣe é lò, ìwé tó gbẹ̀yìn Bíbélì ti gbà á. "Àfihàn" ti di ti àwọn tó ń pàtẹ àwòrán àti ti àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n. "Ìdánwò" sì ń gbé èèyàn lọ sí yàrá WAEC lójú ẹsẹ̀. "Àṣefihàn" ni mo fara mọ́, ohun tí a ṣe kí a lè fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi àbẹ́là wò ó, òun ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ ní ilé náà, fi ṣe odidi àsọyé mẹ́fà fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà Kérésìmesì 1860 wọ 1861. Ẹ tan àbẹ́là, kó jó títí ìda á fi yọ́ yí òwú ká bí adágún kékeré. Ẹ fẹ́ iná náà pa jẹ́jẹ́. Nǹkan funfun kan á máa gòkè tààrà látorí òwú bí okùn. Ẹ wá mú iná mìíràn súnmọ́ okùn yẹn, ní nǹkan bí ínǹṣì méjì sí mẹ́ta sókè òwú, ẹ má jẹ́ kó kan òwú. Iná á sáré gba inú okùn náà wálẹ̀, àbẹ́là á sì tún tàn. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀. Bí fáànù bá ń yí nínú yàrá, okùn á já, iná ò ní rí ọ̀nà gbà. Bí èèyàn bá fi gbogbo ẹnu fẹ́ ẹ, bákan náà ni. Bí àbẹ́là bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ìda tó ti yọ́ ò tíì tó nǹkan. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìṣáná lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, òwú á ti tutù kí ẹ tó dé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti tan àbẹ́là kejì sílẹ̀ kó tó pa ti àkọ́kọ́.

Nínú ìwé ìléwọ́ náà, ẹ má ṣe pe okùn funfun yẹn ní èéfín lásán. Èéfín ni ojú rí i sí lóòótọ́, àmọ́ ìda ni, tí ooru ti sọ di afẹ́fẹ́, tó wá ń tutù bó ṣe ń gòkè. "Ooru ìda" á dára jù.

Ẹ wò ó pé kò sẹ́ni tó ń wádìí nǹkan kan níbi àbẹ́là yìí. Ẹni tó gbé e sórí tábìlì ti mọ ibi tó máa já sí. Ẹ fi wé ohun tí Faraday kan náà ṣe lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1831, nínú yàrá ìwádìí tó wà nísàlẹ̀ ilé yẹn. Ó we wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òrùka irin kan, ó so wáyà kan mọ́ bátìrì, ó gbé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sítòsí wáyà kejì. Nígbà tó so bátìrì, abẹ́rẹ́ mì, ó sì padà dúró. Nígbà tó tú u, ó tún mì. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ṣe nìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe àṣefihàn. "Àṣewò" ni mo dá lábàá fún un: ẹ ṣe é, ẹ wò ó. Àwọn méjèèjì á wá jọ ọmọ ìyá.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ rere ni, àmọ́ ó ti níṣẹ́ tiẹ̀. Òun la fi ń pe èyí tí iléeṣẹ́ ń ṣe fún òṣìṣẹ́, tí wọ́n á buwọ́ lùwé, tí wọ́n á gba sátífíkéètì. Òun náà la fi ń pe ti Ramadan. Nínú méjèèjì, olùkọ́ wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ètò alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí Faraday dá sílẹ̀ ní 1825, tí wọ́n ń pè ní Discourse, ò rí bẹ́ẹ̀. Bí aago bá ti lù, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á wọlé, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu ẹ̀ jáde, ti sáyẹ́ǹsì ni. Kò ní kí èèyàn. Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé ẹ̀rí ẹ̀ fún èrò. Bí wákàtí kan bá pé géérégé, ó gbọ́dọ̀ ti parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbi àsọyé nílé, níbi tí wọ́n ti ń fi ogójì ìṣẹ́jú dárúkọ àwọn tó wà ní tábìlì gíga, tí alága á sọ tiẹ̀, tí bàbá ìsàlẹ̀ náà á sọ tiẹ̀, ẹ mọ bí ìlànà yẹn ṣe le tó. Wọ́n tún máa ń ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́nú yàrá kí àkókò tó tó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Charles Wheatstone, sá lọ ní 1846 nígbà tó kù díẹ̀ kó wọlé, tí Faraday fi ní láti bọ́ sípò ẹ̀. Àwọn òpìtàn ń ṣiyèméjì sí i, àmọ́ ilẹ̀kùn títì ti dàṣà.

Iṣẹ́ wákàtí yẹn ni pé kí ohun tí onímọ̀ ti mọ̀ yé aráàlú, ó sì wà nínú orúkọ tí mo fẹ́: à-sọ-yé. Ẹnì kan á dìde pé ti àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni àsọyé. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń lo "àsọyé fún gbogbo ènìyàn" tipẹ́, etí aráàlú sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi "sáyẹ́ǹsì" tì í níbi tó bá ti kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé, lẹ́yìn ìyẹn kó máa dá rìn.

Ní ti "ìta gbangba", abẹ́ kánópì ní pápá ni òbí á máa wá. Inú ilé ni gbogbo ẹ̀ ti ń wáyé, ní òpópónà Albemarle, nínú gbọ̀ngàn tí ìjókòó ẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn tó yí tábìlì po dé ìdajì, tí ẹni tó jókòó lókè pátápátá fi ń wo orí tábìlì náà látòkè. Ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ gan-an ti jẹ nínú òkìkí ilé náà: nígbà tí Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísírì, ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin pọ̀ débi pé wọ́n sọ òpópónà náà di alọ-má-bọ̀, wọ́n sì ní òun làkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. "Àsọyé fáráàlú" ti tó.

"Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọba" ń kó ẹ̀tàn bá òbí, á rò pé wọ́n ń gba ọmọ sílé ìwé. Wọ́n dá ilé náà sílẹ̀ ní 1799, ọba fún un níwèé àṣẹ ní 1800, kò sì di tọba. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ sọ iṣẹ́ ẹ̀: ilé ìwádìí àti àsọyé sáyẹ́ǹsì.

Ó ku ayẹyẹ àṣà ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyẹn, Egúngún ló ń retí. Àṣà tí àwọn ilé ìwádìí ní lọ́kàn yàtọ̀. Ẹ wo Fermilab, ilé ìwádìí físíìsì ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà: gbọ̀ngàn Ramsey tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì náà ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń jó. Robert Wilson tó kọ́kọ́ jẹ́ olùdarí ibẹ̀, agbẹ́gilére òun alágbẹ̀dẹ ère lòun náà. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Pastore bi í léèrè ní 1969 bóyá ẹ̀rọ ìwádìí tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ máa wúlò fún ààbò orílẹ̀-èdè, ó fèsì pé irú ìbéèrè tó kan iṣẹ́ wọn ni bóyá a ní ayàwòrán rere, agbẹ́gilére rere, akéwì rere, àti pé ohun tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ náà yẹ lóhun tí à ń gbèjà ni. Ìbílẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. "Ètò orin àti iṣẹ́-ọnà" ni kẹ́ ẹ kọ.

———

Èsì ẹlòmíràn: Àbúrò, o káre. Mo fọwọ́ sí àṣefihàn, mo fọwọ́ sí àsọyé fáráàlú. Àmọ́ jọ̀ọ́, yọ "àṣewò" kúrò níbẹ̀. Orí fóònù làwọn òbí wọ̀nyí ti máa kà á, WhatsApp ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tó bá tún un tẹ̀ ò sì ní fi àmì sí i. Tí àmì bá ti kúrò lórí ẹ̀, ìwọ náà bojú wo ohun tó kù, kó o sọ fún mi bóyá ó ṣeé kà fún ọmọdé. Ìwádìí ti tó wa.

Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé ohun tí onímọ̀ ti mọ̀ ni wọ́n ń là yé èèyàn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1897, níbi Discourse yìí ni onímọ̀ físíìsì J. J. Thomson ti dúró sọ pé nǹkan kan wà tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, èyí tí a wá ń pè ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù lónìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó ò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1839 ẹ̀wẹ̀, ilé yẹn ni wọ́n ti gbé àwòrán tí Fox Talbot fi ìmọ́lẹ̀ yà jáde fún èrò. Àsọyé ṣì bá a mu, àlàyé tó o so mọ́ ọn ni kó o tú díẹ̀.

Ẹ kíyè sí "Àsọyé Kérésìmesì" náà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Christmas Lectures. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwàásù nípa ìbí Jésù ni òbí á gbé ọmọ wá gbọ́, ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí ò sì ní wá rárá. "Àsọyé sáyẹ́ǹsì ìgbà Kérésìmesì" ni. Láti 1825 ni wọ́n ti ń ṣe é, ogun àgbáyé kejì nìkan ló dá a dúró, láti 1939 sí 1942. Àwọn òbí wa ń béèrè ẹ̀ gan-an báyìí torí pé Maggie Aderin-Pocock, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì òfuurufú tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ló ṣe ti 2025, ọdún tó pé 200 ọdún.

Nǹkan mìíràn tó kù nínú ìwé náà tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò fọwọ́ kàn: ballot. Tíkẹ́ẹ̀tì ò tó àwọn tó fẹ́ wọlé, ballot ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ̀gbọ́n wa kọ ọ́ pé "wọn yóò dìbò fún tíkẹ́ẹ̀tì". Òbí á máa wá ẹni tí òun máa dìbò fún, á máa bẹ àwọn ará ìjọ pé kí wọ́n dìbò fún ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó ń yan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n á fà á yọ láìwo ojú. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kèké ni a ó ṣẹ́ láti pín tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá. Orúkọ tí kèké bá mú nìkan ni a ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí."