Ṣé kí n kọ́lé sọ́nà Mìsẹ́rẹ́tẹ́ àbí kí n padà sí agboolé, pẹ̀lú owó zẹ́m (ọ̀kadà) yìí?

ỌmọÀtakè: Ẹ kúulé o. Mo ra ilẹ̀ lọ́nà Mìsẹ́rẹ́tẹ́, lẹ́yìn ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), torí owó ẹ̀ rọjú, mo sì háyà yàrá kan síbẹ̀ kí n lè máa ṣọ́ ọ, àmọ́ Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó dé ìdí tàsí ní Àjàṣẹ́, zẹ́m ti gba owó oúnjẹ àárọ̀ mi, lẹ́yìn náà ni tàsí, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, orúnkún mi á wọ ẹ̀yìn awakọ̀, owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà l'Ẹ́kpẹ̀ ńkọ́, àwa náà ló ń san án. Àtìgbà tí Nàìjíríà ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 tí kpayo (epo fàyàwọ́ tó ń tibẹ̀ wá) gbówó lórí, ara ò tù mí mọ́. Yàrá bàbá mi kan ṣófo l'Átakè, ní agboolé wa láàárín ìlú Àjàṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì_Ọjàńlá: Àbúrò, padà sílé jàre. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dọ́jà, télọ̀ wà lójúde, mọ́ṣáláṣí ò jìnnà. Wàhálà agboolé nìkan ló wà níbẹ̀, o ò tíì ṣí ìkòkò tán, àǹtí kan ti mọ iye ẹran tó wà nínú ẹ̀ 😂

Dòwà229: Ẹ ṣé ìyá. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan: ní Faransé, oṣù kọkànlá 2018, owó orí epo ló kọ́kọ́ bí àwọn aláwọ̀lékè yẹ́lò (gilets jaunes) nínú tí wọ́n fi jáde, ọ̀pọ̀ wọn ló jìnnà síbi iṣẹ́, ara Parisi ní mẹ́tírò tiẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú láti 2003, àmọ́ bọ́ọ̀sì wà tí wọ́n lè wọ̀. Tàwa ńkọ́, kí la fẹ́ wọ̀?

Aláròyé_Wàńdó: Owó orí epo wo ni wọ́n fẹ́ gbà níbí? Inú ìgò lẹ́bàá títì la ti ń ra kpayo, kò gba ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá, ẹni tó lọ sí ilé epo ló máa ru gbogbo ẹ̀. Ẹ sì rọra o, tí gbogbo wa bá sáré padà sí àárín ìlú owó yàrá náà á gòkè, àfi ká jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé àwọn ilé ilẹ̀ yẹn, àwọn mọ̀lẹ́bí ò sì ní gbà.

ỌmọÀtakè: Mo ti pe bàbá. Wọ́n ní kò burú, kí n kọ́kọ́ wá gbé àgbàdo wọn kúrò nínú yàrá.