Ọwọ́ tí ọmọ náà fi jẹun: ìrírí mi lórí gbígbé ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù gòkè

Mo kí gbogbo ilé. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bó ṣe yẹ kí a tètè gbé ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù jù dáadáa nínú eré béésìbọ́ọ̀lù kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi í sáàárín àwọn àgbà. N kò ní ìdáhùn tí a lè fi oṣù tàbí ọdún kà. Ìrírí kan ni mo ní, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́, nítorí pé èmi gan-an ni mo gbé ọmọ kan gòkè nígbà tí kò tíì yẹ, ọmọ náà kì í sì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni.

Ìlọrin ni mo ti kọ́ eré náà, níbi tí béésìbọ́ọ̀lù ti ní pápá tirẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Àbújá, Kubwa ni mo sì ń gbé. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọkùnrin bíi méjìlá jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí epo, mo sì máa ń kọ́ wọn ní ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, apá rẹ̀ ti gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ catcher, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù bá jù, gé fọ́ọ̀mù láti ara tìmùtìmù àtijọ́, ó sì fi í sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ má baà wú. A kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó. Ìró tó ń dún nínú ìbọ̀wọ́ yẹn la fi ń mọ̀, ìró náà sì máa ń mú kí àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà dúró wò.

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n jù nígbà náà, ìyẹn fastball, bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà pẹ̀lú gbogbo agbára. Nítorí pé kò sí ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè gbá a, kò sí ohun tó fipá mú un kọ́ òmíràn. Èyí ló yẹ kí n kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n ìró inú ìbọ̀wọ́ yẹn ló gbà mí lọ́kàn.

Ní oṣù January ọdún yẹn ni kóòṣì ẹgbẹ́ àwọn àgbà kan pè mí lórí fóònù. Wọ́n ń lọ fún ìdíje kan ní Kàdúná, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn ti rìnrìn àjò, èkejì sì ń ṣàìsàn. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì máa ń pè é. Ó ní, “Àbúrò, bọ́mọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Ẹ fún wa ní ọmọ yẹn fún ọjọ́ méjì péré.” Inú mi dùn. N kò bi í léèrè iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà máa jù, n kò sì sọ fún un pé ọmọ náà yóò jù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò náà. Ó jù wọ́n lóòótọ́, ó tó ọgọ́ta bọ́ọ̀lù kí n tó ní kó sinmi.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kubwa, a sì sọ̀ ní Rigasa, ibùdókọ̀ ojú irin Kàdúná. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, eruku bo gbogbo pápá, awọ bọ́ọ̀lù sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Inning mẹ́ta, ìyẹn ìpín mẹ́ta nínú eré náà, ni wọ́n fún un, kò sì sí ẹnì kan tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ débi kan. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “Yaro ya iya!”, ìyẹn “Ọmọ náà mọ̀ ọ́n!” ní èdè Hausa, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ sì gbé e sókè. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé e sórí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ṣùgbọ́n àwọn tó dojú kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì ti wo eré ọjọ́ kìíní, ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 25 tàbí 30 kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ọdún 15. Wọ́n di igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú ní òkè díẹ̀, wọ́n sì ní sùúrù. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sáré fi igi sí, wọ́n ń wò ó kọjá ni. Nígbà tó di inning kẹrin, ó ń jù bọ́ọ̀lù náà kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ó máa ń wo ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n ní kí a jẹ́ kó parí inning náà, èmi náà sì jókòó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń ka bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe rò ó sẹ́yìn, yóò ti kọjá ọgọ́rùn-ún.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a bá padà, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní, “Rárá, Bùrọ̀dá, ó kàn rẹ̀ mí ni.” Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó wù mí láti gbà á gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀. Ọmọ náà fọ ọwọ́, ó sì na ọwọ́ òsì sí oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn pé, “Ọwọ́ òsì kẹ̀? Nínú ilé tèmi?” Ọmọ náà yára fà á padà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé ẹnu. Ìgbọ̀nwọ́ kọ̀, kò ká, kò sì nà. Òkèlè náà bọ́ sórí ẹní. Inú ilé pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù, ó sì pè mí. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n wá wo ọwọ́ ọmọ òun.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé egungun ọmọ tó ṣì ń dàgbà ní ibi tí kò tíì le, ibẹ̀ gan-an ni egungun ti ń gùn sí i, àti pé bí ọmọ bá ń ju bọ́ọ̀lù, iṣan inú ìgbọ̀nwọ́ máa ń fa ibi rírọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà. Lára àgbàlagbà, iṣan ló sábà máa ń ya. Lára ọmọdé, ibi tí egungun ti ń dàgbà ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ó ní ti ọmọ wa kò tíì já, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta.

Oṣù mẹ́ta yẹn ni mo fi kàwé, nítorí ojú ń tì mí. Mo rí i pé láti ọdún 2014 ni àwọn aláṣẹ líìgì ńlá béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti USA Baseball, àjọ tó ń bójú tó eré náà níbẹ̀, ti gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Pitch Smart. Fún ọmọ ọdún 15 sí 16, kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù tó lé ní 95 lọ́jọ́ kan. Bó bá ju 46 sí 60, ó gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ méjì. Bó bá sì ju 76 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni ìsinmi rẹ̀. Ọmọ wa ju ọgọ́ta ní Jímọ̀, ó yẹ kó sinmi títí di ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yẹ kó fi sinmi náà la fi gbé e lọ sí Kàdúná.

Ìgbà yẹn ni mo ka ìtàn David Clyde, ó sì bà mí nínú jẹ́ gidigidi. Ní oṣù June ọdún 1973, ẹgbẹ́ Texas Rangers kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ yòókù, ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, wọ́n gbé e sórí òkìtì nínú líìgì ńlá láìjẹ́ kó gba líìgì kékeré kankan, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, kọjá. Pápá kún fọ́fọ́, èèyàn tó lé ní 35,000 ló wá wò ó, ó sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ borí. Ìlérí wọn ni pé eré méjì péré ni yóò jù kí wọ́n tó rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń wá owó, òun ló sì ń mú kí tíkẹ́ẹ̀tì tà, nítorí náà wọn kò jẹ́ kó lọ. Ó borí nínú eré 18, ó pàdánù 33, ọdún 1979 sì ni ó jù kẹ́yìn nínú líìgì ńlá. Bí mo ṣe kà á tán, ohùn Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù ló ń dún sí mi létí. Ta ni ìgbéga yẹn ṣe láǹfààní? Ẹgbẹ́ wọn ni kò ní ajubọ́ọ̀lù. Ọmọ tiwa kò ṣaláìní ohunkóhun tó wà ní Kàdúná.

Òdodo ni pé yíyára nìkan kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ní 2013, ẹgbẹ́ Marlins gbé ajubọ́ọ̀lù José Fernández láti High-A, ọ̀kan nínú àwọn ìpele líìgì kékeré, bọ́ sí líìgì ńlá ní ọmọ ọdún 20, nítorí pé àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn ṣèṣe; òun ni wọ́n fi ṣe eléré tuntun tó dára jù lọ lọ́dún náà nínú National League, ọ̀kan nínú ìpín méjì líìgì ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ajubọ́ọ̀lù Paul Skenes kò pé ọdún kan ní líìgì kékeré: wọ́n mú un ní July 2023, ó sì dé líìgì ńlá ní ọjọ́ 11 oṣù May 2024. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 21 ni, ó ti parí ìdàgbàsókè egungun, ó ti ju bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, wọ́n sì ń ka iye bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e gòkè. Ní ìdàkejì, Tayler Scott tí a bí ní South Africa wọ líìgì kékeré ní 2011, ọdún 2019 ló tó di ajubọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí a bí ní Áfíríkà tó jù nínú líìgì ńlá. Ọdún mẹ́jọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó pẹ́ jù.

Nígbà tí ọmọ wa padà, mo ka òkúta wẹ́wẹ́ 60 sínú ike gààrí kan. Bó bá ti ju bọ́ọ̀lù kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin á kó òkúta kan dà nù. Bí ike bá ṣófo, eré rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ àárín inning. Mo kọ́ ọ ní changeup, bọ́ọ̀lù tí a fi apá kan náà jù ṣùgbọ́n tó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń gbá a. Fún bí ọdún kan, ó ń bínú sí mi pé mo ń dá òun dúró, mo sì gbà pé ó ní ìdí díẹ̀, torí ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ kò lè kọ́ ohun tuntun láàárín wọn. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sáàárín àwọn ọmọ ọdún 17, kì í ṣe àwọn àgbà.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé àkókò ti ń tó kì í ṣe ọjọ́ tó borí. Ní Gwarinpa ni, wọ́n gba ojú àmì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ nínú inning kan ṣoṣo. Mo ń retí kó wo mi bó ṣe wò mí ní Kàdúná. Kò wò mí. Ó lọ jókòó ti catcher rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tó sì padà sórí òkìtì, changeup ló fi bẹ̀rẹ̀, ó tún jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó di igi mú fì í ṣáájú kí bọ́ọ̀lù tó dé. N kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ara mi wálẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún 17 báyìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àgbà kan ní Ìlọrin béèrè rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má ṣe fi í ṣe catcher lọ́jọ́ tó bá jù, kó má sì jù fún ẹgbẹ́ méjì láàárín àsìkò kan náà. Wọ́n gbà. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fún un ní inning méjì àkọ́kọ́, òkúta 29 ló jáde nínú ike, ojú àmì kan sì wọlé lé e lórí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó nílé ìyá wa ní Ìlọrin, wọ́n gbé iyán wá. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi bu òkèlè, ó sì dé ẹnu.