Kókó lórí ìka, àtànpàkò tó ń dùn, ọwọ́ tó ń kú lóru: ṣé àìsàn kan náà ni?

Ìyá Alágbọn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Bí ẹ bá rí àṣìkọ, òun ni kí ẹ bá wí.

Ẹni ọdún 57 ni mí, Àgbádárìgì ni mò ń gbé, àdín àgbọn ni mò ń ṣe tà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọwọ́ ló ń jẹ. A ó bó o lára irin, a ó fọ́ ọ, a ó fi ọ̀bẹ ṣí funfun inú rẹ̀ kúrò lára èèpo, a ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Bó bá ti ẹ̀rọ dé, a ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, a ó wá máa fún un. Fífún yẹn gan-an ni ogun. Bí ọjà Agbálátà bá ti ń sún mọ́lé, mo lè fún ti àgbọn 100 kí n tó sùn, omi rẹ̀ á wà nílẹ̀ di àárọ̀ kí n tó bu ọ̀rá ojú rẹ̀ gbé kaná.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kókó líle kan yọ sí oríkèé ìka mi tó wà nídìí èékánná. Ìka ìlábẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ìka àárín, ọ̀tún àti òsì. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó pọ́n, ó sì ń ta mí. Ní báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́, ó kàn wọ́ orí ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ní irú rẹ̀ kó tó kú, a sì máa ń fi ìka rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ata ilẹ̀.

Èyí tó ń dá mi lóró ni ìdí àtànpàkò, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́. Mi ò lè ṣí ìdérí ìgò tí mo fi ọwọ́ ara mi dé. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ọmọ ló ń bá mi yí i. Láàárọ̀ ọwọ́ mi á gan díẹ̀, àmọ́ kí n tó pọn omi tán, ó ti tú.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí aago méjì òru, ọwọ́ ọ̀tún mi á kú, á dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Mo ní láti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa gbọn ọ́n bí ẹni tó ń gbọn omi dànù.

Aládùúgbò mi kan ní àfiṣe ni. Èkejì ní omi tútù ni. Oníkẹ́míìsì kan ní làkúrègbé ni, ó ń di kapsúlù mẹ́ta pọ̀ sínú ọ̀rá fún mi, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Bí mo bá lò ó, ọwọ́ mi á fúyẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé. Oṣù méjì nìyí. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń wú, ẹ̀jẹ̀ ríru mi tí kì í kọjá 130 tẹ́lẹ̀, 170 ni wọ́n bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ṣé nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀? Kí ni kí n sọ fún dókítà tí kò fi ní kọ oògùn ìrora lásán kó ní kí n máa lọ?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Alágbọn, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo ọwọ́ àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn ná. Oògùn tí kò lórúkọ, tó ń lé ìrora lọ bí idán, tó ń wú ojú, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè: ó jọ pé prednisolone tàbí dexamethasone wà níbẹ̀, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní stẹ́rọ́ìdì, irú èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Mi ò rí i, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ti pẹ́. Ẹ má kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí bí irú oògùn yìí bá pẹ́ nínú ara, ara á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá sì já a lójijì lè dákú. Ẹ gbé ọ̀rá náà dání lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Dókítà ló máa mọ bí yóò ṣe máa dín in kù.

Ó yá, ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì. Yàtọ̀ sí àtànpàkò, ìka kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta: èyí tó wà nídìí èékánná, èyí àárín, àti èyí ńlá tó ń yọ síta bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́. Ibi tí wàhálà bá jókòó sí nínú mẹ́ta yìí ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ẹ̀jẹ̀ yín.

Osteoarthritis ni kí egungun rírọ̀ tó dà bí ìrọ̀rí láàárín egungun méjì máa jẹ lọ, kí egungun tòótọ́ sì máa hu etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́, ìdí èékánná, oríkèé àárín àti ìdí àtànpàkò ló fẹ́ràn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ló ń mú jù, ó sì ń rìn nínú ẹbí, ẹ ti sọ ti ìyá yín fún wa. Kókó yín yẹn kì í ṣe tuntun láyé. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Heberden, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1802 lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe kókó ìdí èékánná dòní. Ti oríkèé àárín ń jẹ́ orúkọ Bouchard, ará Faransé.

Rheumatoid arthritis ni ẹni kejì, òun ni mo bẹ̀rù jù. Ọmọ ogun inú ara ẹni ló ń dojú ìjà kọ oríkèé. Òun kì í sábà dé ìdí èékánná. Oríkèé ẹ̀ṣẹ́ àti ọrùn ọwọ́ ló ń gbà, ọ̀tún àti òsì pọ̀. Oríkèé àárín ni wọ́n ti ń pàdé, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣìnà. Níbẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ti osteoarthritis le bí òkúta. Ti rheumatoid rọ̀ bíi búrẹ́dì tó rin, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ tún wo aago. Gígan àárọ̀ ti osteoarthritis kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 30, ìrora rẹ̀ sì ń pọ̀ bí ẹ bá ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ti rheumatoid lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ a sì máa tú u díẹ̀.

Ẹ yẹ èékánná yín wò náà. Bó bá ní ihò wínníwínní bíi orí ìbọ̀ka àwọn aránṣọ, tàbí tí odidi ìka kan bá wú láti ìdí dé orí, ẹ sọ fún dókítà, torí àìsàn awọ kan wà tí ń jẹ́ psoriasis, àrùn oríkèé tirẹ̀ máa ń dé ìdí èékánná bíi ti Heberden.

Ọwọ́ tó ń kú lóru kò sí nínú gbogbo èyí. Ìka wo ló ń kú? Ọmọńdinrín ńkọ́?

Aránṣọ Ajárá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi, torí ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi lásìkò.

Ọdún 31 ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Oríkèé ẹ̀ṣẹ́ mi méjèèjì wú, òrùka ìgbéyàwó mi ò jáde mọ́, wọ́n fi ayùn gé e ni. Tí mo bá jí láago mẹ́fà, aago mẹ́wàá á ti lù kí n tó lè fi okùn sójú abẹ́rẹ́. Ó ń rẹ̀ mí bí ẹni tó ru símẹ́ńtì. Wọ́n ní òtútù ìbímọ ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ilé ìwòsàn kan yẹ ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní rheumatoid factor, àmì rheumatoid tí wọ́n máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò sóhun tó ṣe mí. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi bá a yí kí ẹnì kan tó darí mi sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Dókítà ibẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó rọra fún oríkèé ẹ̀ṣẹ́ mi pọ̀, mo fò sókè. Ó ní èèyàn lè ní rheumatoid kí àyẹ̀wò yẹn má mú un. Ó tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní anti-CCP, òun ló mú un.

Methotrexate ni mò ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ o, kì í ṣe lójoojúmọ́, àti folic acid. Wọ́n kì í lo methotrexate nínú oyún rárá. Mo ti ń ránṣọ padà, ṣùgbọ́n ìka méjì ti wọ́, wọn ò sì ní tọ́ mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá yẹn ló jẹ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ibí, bí oríkèé ẹ̀ṣẹ́ yín bá wú tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní làkúrègbé arúgbó.

Awakọ̀ Mile 2

Ìyá, gáòtù ni! Èmi ni kí ẹ bi. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀, mo sùn lálàáfíà, mo jí, aṣọ ìbora lásán kan án, mo lọgun. Lọ́dún kejì ó bọ́ sí ìka ọwọ́. Ó pupa bí ata, mi ò lè di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Uric acid ni, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kóra jọ sínú oríkèé. Ẹ yé jẹ ìfun, ẹ yé mu bíà.

Ìyá Alágbọn

Awakọ̀, mi ò mu bíà rí láyé mi. Ṣé bíà tìrẹ ló wá wú mi lọ́wọ́?

Màmá Nọ́ọ̀sì, mo ṣọ́ ọ lánàá. Àtànpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló ń kú. Ọmọńdinrín wà lójúfò. Kò sí ihò lójú èékánná mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń gba ọ̀nà tóóró nínú ọrùn ọwọ́ kọjá, ìka mẹ́ta yẹn àti ìdajì ìka òrùka ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í bá ọmọńdinrín sọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà náà bá fún un, òru ló máa ń pariwo, torí a máa ń ká ọrùn ọwọ́ sùn. Carpal tunnel ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nǹkan méjì ló ń gbé ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n wo ìtọ̀ ṣúgà yín, òun àti ọ̀rọ̀ táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà mìíràn.

Awakọ̀, o kò jẹ̀bi tán. Gáòtù máa ń ya wọlé lóru ọjọ́ kan ni, kì í fi ọdún mẹ́ta hu kókó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà obìnrin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, gáòtù lè wá jókòó sórí kókó Heberden gan-an. Ìyá, bí ọ̀kan bá ṣàdédé pupa tó gbóná, ẹ tètè lọ. Bí ibà bá tún bá a rìn, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ inú oríkèé.

Ọmọ Tópò

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àdín àgbọn tí Ìyá ń ṣe ò lè wo ọwọ́ wọn ni? 😂

Ìyá Alágbọn

Ọmọ mi, bó bá ń wò ó ni, ṣé wàá bá mi níbí? Mo ń fi í pa á lójoojúmọ́, awọ mi ń dán, ìrora wà níbẹ̀.

Ìyá Alágbọn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo padà wá jíṣẹ́. Mo gbé ọ̀rá náà lọ. Dókítà, ọmọdébìnrin kan tí mo lè bí, wo inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ń fi prednisolone tó ní orúkọ lára dín in kù fún mi díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ sí 144.

Ó di ìdí àtànpàkò mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó yí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ọ bí ọlọ tó ń lọ ata. Ó ní kí n ká ọrùn ọwọ́ méjèèjì kí n fi ẹ̀yìn wọn kanra. Kò tó ìṣẹ́jú kan, èèrà ti dé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò mú nǹkan kan, ó sì ní bó ṣe yẹ kó rí fún osteoarthritis nìyẹn. Nínú fọ́tò X-ray, àyè tó wà nídìí àtànpàkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ṣúgà mi pé.

Ó ní kókó náà ò ní lọ, àmọ́ ìrora rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ tó bá ti dàgbà tán, bí tèmi ti ń ṣe. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fi pa ara, ni kí n máa fi pa ìdí àtànpàkò, kì í ṣe kí n máa gbé e mì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín. Bẹ́líìtì ọwọ́ kan wà tí mo ń dè sùn tó ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tọ́. Láti òru kẹta ni mo ti ń sùn mọ́jú. Bí ó bá tún padà, ó ní a ó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré.

Ní ti fífún, wẹ́dà kan bá wa ṣe irin ìtẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ gààrí, ṣùgbọ́n kékeré. Ó ń yọ omi ju ọwọ́ mi lọ, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo sì fi ń fi ọwọ́ pa ara mi. Ọmọ mi ló ń yí i. Ó ní apá ń dun òun.

Ìyá Alágbọn

Ọmọ wọn rèé. Mi ò sọ pé apá ń dùn mí. Èjìká ni mo sọ, Màmá Nọ́ọ̀sì, ìyẹn ńkọ́?