"A small growth" nínú èsì àyẹ̀wò: ṣé "ìdàgbàsókè" náà ni?

Akàwé_fún_Màámi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Èmi ni mo máa ń ka ìwé òyìnbó fún màámi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, èsì àyẹ̀wò ọ̀fun wọn dé, ìlà kan nínú rẹ̀ sì sọ pé "a small growth was seen". Mo sáré túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n rí ìdàgbàsókè díẹ̀. Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, wọ́n gbé e lé àyà, wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun, oògùn yẹn ti ń ṣiṣẹ́." Ìgbà tí mo ka ìlà tó tẹ̀ lé e, pé kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò mìíràn, ni ara mi bù máṣọ.

Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. "Growth" rèé: dídàgbà, híhù, ìbísí, ìdàgbàsókè. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kí n lè lọ tún un sọ fún wọn. Ẹ bá mi fi "increase", "develop" àti "thrive" kún un, torí mo rí i pé ohun kan náà ni mo ti ń pe gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bá ara yín jà jù, ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.

Nínú ìwé àyẹ̀wò, bí ẹ bá ti rí "a growth", kókó ni wọ́n ń sọ: ẹran tó hù síbi tí kò yẹ kó hù sí. Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ èyí: ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé jẹjẹrẹ ni, kò sì sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, "malignant" ni wọ́n máa kọ. Bí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ, "benign". Wọ́n sì sábà máa ń gé bíńtín lára kókó náà, kí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí. Ibi tí ìwé dúró sí ni kí ẹ̀yin náà dúró sí.

"Develop" náà ń tanni jẹ. "She developed a fever" kò ní ìlọsíwájú kankan nínú. Ibà mú un ni. Lọ́dọ̀ àwa tó ń tọ́jú ọmọdé, "growth" ni ohun tí a lè wọ̀n: bí ọmọ ṣe wúwo tó, bó ṣe gùn tó, bí orí rẹ̀ ṣe tóbi tó. "Development" ni ohun tó ti lè ṣe: ó ti ń jókòó, ó ti ń rá, ó ti ń pe ìyá rẹ̀. Ọmọ lè sanra dáadáa kó má tíì lè jókòó lásìkò.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí "failure to thrive" lórí káàdì ọmọ yín, ẹ má sunkún pé wọ́n ní ẹ kùnà. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ kò wúwo bó ṣe yẹ, kí wọ́n wá ohun tó fà á.

Atúmọ̀_Ìròyìn

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ìròyìn ni mo máa ń túmọ̀, "grow" sì ti pọ́n mi lójú rí. Ìbéèrè tó yọ mí ni pé: kí ló ń "grow"? Ọmọ ń dàgbà, eyín ń hù, igi ń ga, owó ń lé, ìlú ń fẹ̀, àṣà ń gbilẹ̀. Òyìnbó lè kó gbogbo èyí sínú "grow" kan ṣoṣo. Tiwa kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá "grow" àgbàdo, ó gbìn ín. Bó bá "grow" irùngbọ̀n, ó dá a sí.

Ìgbà mìíràn, kò sí dídàgbà nínú rẹ̀ rárá. "The sound grew faint": ohùn náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò ó, "grow" ń sọ nípa ohun tó ń dín kù!

Ibi tó ń bí mi nínú jù ni "growth slowed". Ká ní nǹkan jẹ́ 100. Lọ́dún kìíní ó fi ìdá 5 nínú 100 lé, ó di 105. Lọ́dún kejì ó fi ìdá 3 nínú 100 lé, ó di 108.15. Ẹni tó bá túmọ̀ ìyẹn pé ó já wálẹ̀ ti ṣi aráàlú lọ́nà. Ó ṣì ń lé. Ìrìn rẹ̀ ló falẹ̀.

"Increase" kò le: ó pọ̀ sí i, ó parí. "Thrive" ju pé nǹkan yè lọ. Ó yè, ó tún ń rúwé yọ̀yọ̀. "Adolescent" àti "adult" wá láti ara ọ̀rọ̀ Látìn kan náà: ẹni tó ń dàgbà lọ́wọ́, àti ẹni tó ti dàgbà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Etí_Ń_Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un: bí "increase" bá jẹ́ orúkọ, "in" ni wọ́n ń tẹnu mọ́, bó bá jẹ́ ìṣe, "crease" ni.

Akàwé_fún_Màámi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì. Mo ti padà sọ́dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, mo ṣi ìwé yẹn túmọ̀. Kókó kékeré kan ni wọ́n rí lọ́fun yín. Wọn ò tíì mọ irú èyí tó jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ padà wá." Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n dá?" Ọjọ́rú ni. Èmi ni mo máa mú wọn lọ.