Ìkọsílẹ̀ kọ́, àkọsílẹ̀ ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti àná ni inú ti ń bí mi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń túmọ̀ ojú ewé ayélujára fún ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ká bá òun yẹ iṣẹ́ òun wò. Ibi tí wọ́n á ti máa fi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ó pè é ní "Ìkọsílẹ̀ Ìbí". Mo fara dà á. Nígbà tí mo dé ibi tọkọtaya, mo bá "Ìkọsílẹ̀ Ìgbéyàwó". Háà! Ṣé wọ́n wá so yìgì ni àbí wọ́n wá tú u?

Ó ní kò sí dò lórí kọ tòun, pé re ni. Mo gbọ́. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tó wà nínú Mátíù 5:31 ni gbogbo oníṣọ́ọ̀ṣì máa kà síbẹ̀.

Ó tún ní ṣebí "kọsílẹ̀" wà nínú "ìforúkọsílẹ̀". Ibí gan-an ló ti ṣì í. Kọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé kíkọ, ìrù orúkọ ni. Ẹ yọ orúkọ kúrò, fi sílẹ̀ ló kù.

Ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n wa. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ tán, àkọsílẹ̀ ni, bí àpamọ́ ṣe jẹ́ ohun tí a pa mọ́. Ìforúkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ akọ̀wé; àkọsílẹ̀ ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ tí a bá sọ àwọn ojú ewé yìí lónìí ni àwọn ọmọ wa máa tẹ̀ láti fi wá ìwé wọn.

Ẹnì kan ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá kí n tó sọ̀rọ̀. Akọ̀wé káńsù ni bàbá mi, ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ́jísítà: ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ÌGBÉYÀWÓ. Wọ́n á tún padà tẹ àmì sábẹ́ Ọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí ìwé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ní ti arábìnrin tó fẹ́ ká pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí ní àká, mi ò tíì gbà. Àgbàdo ni mo mọ̀ nínú àká, jíjẹ la sì ń jẹ ẹ́ tán. Kí arábìnrin náà sọ tiwọn ká gbọ́.